Fèrèsé Dúdú àti Àga Ọ̀gá

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí wọ́n tẹ̀ dó sórí òkè, tí odò wọn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà o, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún omi ni. Adéṣínà, mo ti gbọ́ ohun tí o wá bá mi sọ nípa ọmọ rẹ. A ó jọ lọ bá a. Ṣùgbọ́n kí a tó dìde, jókòó dáadáa kí o gbọ́ ti ọkùnrin yìí.

Kí o tó lè mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó, o ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú ìlú yẹn ti rí nítorí omi. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ru ú. Obìnrin á sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á pọn ún, á gbé e karí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Kí ó tó délé, omi á ti dànù dé ìdajì. Ìdajì tó kù yẹn ni wọn yóò fi se oúnjẹ, òun náà ni wọn yóò fi wẹ ọmọ. Ìyá ọkùnrin yìí gan-an, odò ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ìkòkò fọ́, eegun ẹsẹ̀ náà ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tiro. Òkè-Ìrókò ni ilé rẹ̀ wà, àdúgbò tó ga jù lọ ní gbogbo ìlú.

Nígbà tó yá, ìlú ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọn ò dúró de ìjọba. Ọmọ ìlú tó wà nílé dá sí i, èyí tó wà lẹ́yìn odi dá sí i. Àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ilẹ̀, àwọn bíríkìlà mọ táǹkì, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹ̀rọ kìíní fún ìsàlẹ̀, ẹ̀kejì fún àárín ìlú. Ẹ̀kẹta ni yóò ti omi gun Òkè-Ìrókò, òun ló sì pẹ́ jù kí wọ́n tó rí i rà. Bí o bá pàdé ọmọ ìlú yẹn nílẹ̀ àjòjì, wàá mọ̀ ọ́n. Á gbé àyà síwájú, á ní, "Ọwọ́ ara wa la fi mú omi wá sílé." Wọ́n ń yangàn, ó sì tọ́ sí wọn. Ta ni kò ní yangàn?

Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà sí ọ́fíìsì omi náà jẹ́ ọmọ ìlú, onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ọ̀gá, wọ́n sì ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Òun ló kọ́ ọkùnrin inú ìtàn wa níṣẹ́.

Ó yẹ kí n la nǹkan kan yé ọ níbí. Nínú kọ̀ǹpútà, fèrèsé dúdú kan wà tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní tẹ́míná. Kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ni o máa tẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ni yóò sì fi dá ọ lóhùn. Bí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ á ké sí kọ̀ǹpútà pé kí ó bá òun ṣí tẹ́míná kí òun lè sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í bèèrè pé èwo. Tẹ́míná lè pé márùn-ún nínú kọ̀ǹpútà kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń yàn sórí àga, bí ìgbà tí a bá fi ẹnì kan joyè. Èyí tó wà lórí àga ni kọ̀ǹpútà máa ń pè.

Èyí tí Ọ̀gá yàn kò tóbi. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ó sì rí eérú-eérú. Kì í rántí nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá lójú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí ó bá sì ti jíṣẹ́ tán, á pa ara rẹ̀ dé, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú Ọ̀gá mú nígbà náà, kì í sì í kúrò nídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè fò ó dá. Nítorí náà omi ń lọ geere.

Ní ọjọ́ tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ó gbàdúrà fún un. Ó ní, "Iṣẹ́ ti di tìrẹ." Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Àmọ́ ohun kan wà. Kò jókòó sórí àga Ọ̀gá. Àga náà wà gedegbe níwájú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú tìmùtìmù tí ìyàwó Ọ̀gá rán sí i. Ọkùnrin yìí fi ọ̀rá bò ó kí eruku má baà bà á jẹ́. Ó gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí àpótí yẹn ló sì ti ń lọ́ ọrùn wo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Ìwọ tí o kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn rí mọ ohun tó fà á. Ọmọ iṣẹ́ kì í jókòó sórí àga ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ ilé ni, kò burú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ti kọjá tí Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì! Ẹ gbà mí o. Ọmọ iṣẹ́ ta ló tún ń jẹ́?

Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ó kọ́ ohun tí Ọ̀gá kò kọ́ ọ. Ó wá tẹ́míná tuntun kan rí, ó sì fi í sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà èyí tóbi. Bí gbogbo nǹkan bá dára, á fi àwọ̀ ewé kọ ọ́. Bí ewu bá wà, á fi pupa kọ ọ́. Ó ń rántí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ láti àárọ̀. Kì í sì í pa ara rẹ̀ dé àfi kí o ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí tún jókòó, ó fi èdè Yorùbá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè fẹ́ sọ, kí ọmọ ìlú tó bá wọlé lè kà á fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni! Ó fi í han gbogbo ẹni tó bá yà sí ọ́fíìsì. Á ní, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi." Àwọn ènìyàn á wò ó, wọn á mi orí, inú rẹ̀ á dùn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣí tẹ́míná tuntun yìí ní àràárọ̀. Kò fi í sórí àga. Tẹ́míná Ọ̀gá ṣì ni kọ̀ǹpútà mọ̀.

Kì í ṣe pé kò mọ ibi tí wọ́n ti ń yí i padà. Ìlà kan ṣoṣo ni nínú kọ̀ǹpútà. Ó tilẹ̀ ti débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó rí orúkọ tẹ́míná Ọ̀gá níbẹ̀, bí Ọ̀gá ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì. Ọkàn rẹ̀ bi í pé, "Ta ni ọ́? Ṣé ìwọ lo máa lé Ọ̀gá kúrò?" Ó gbọ́wọ́ kúrò kíá, ó pa ibẹ̀ dé bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn yàrá àgbà.

Obìnrin kan ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Ó dàgbà ju ọkùnrin yìí lọ, ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó gòkè wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan láti wá gba gírísì. Bó ṣe dúró, fèrèsé kékeré kan yọ fìrì lójú kọ̀ǹpútà, ó sì lọ.

Ó ní, "Kí nìyẹn?"

Ọkùnrin náà ní, "Tẹ́míná Ọ̀gá ni, mà. Ẹ̀rọ ló ń bá a sọ̀rọ̀."

"Tuntun tí o ń fi yangàn káàkiri ìlú ńkọ́?"

"Èmi ni mo ń bá ìyẹn sọ̀rọ̀."

"Háà! Ìwọ ń bá tuntun sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń bá àtijọ́ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ wo lẹ̀yin méjèèjì máa wá pàdé?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í lé àgbà dìde lórí àga, mà."

Obìnrin náà wo àga, ó wo ọ̀rá tó bò ó. Ó ní, "Àgbà wo ló wà níbẹ̀? Ṣé ọ̀rá yìí lò ń bọ̀wọ̀ fún ni?" Ó gba gírísì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì gbé e jù sẹ́yìn.

Ìgbà tó ṣe, ẹ̀rọ kẹta dé. Wọ́n tò ó, wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣí omi Òkè-Ìrókò. Àwọn ìlú mẹ́ta tó múlé tì wọ́n gbọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Òmíràn nínú wọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Òmíràn fẹ́ wò ó bóyá yóò bàjẹ́. Má ṣe díbọ́n, o mọ bí ìlú sí ìlú ṣe ń rí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gá náà pé kí ó wá jókòó láàárín àlejò pàtàkì. Nígbà tí ó kan ẹni tí yóò ṣí táàpù, ẹnì kan dárúkọ olóyè, ẹlòmíràn dárúkọ olówó. Olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní, "Rárá. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ nítorí omi ni kó kọ́kọ́ tẹ omi." Ni wọ́n bá yan ìyá ọkùnrin yìí.

Ọkùnrin náà lọ sọ fún un. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Àdìgún ọmọ mi, ṣé omi yóò wá?"

"Yóò wá, Màámi."

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oyìnbó tó wá wọn ilẹ̀. Ní ojú gbogbo ayé ni wọ́n ní kí n dúró sí yìí o."

"Màámi, èmi ni mo ń sọ ọ́. Yóò wá."

Ìyá wá gbójú sókè, ó wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa. Tìrẹ ni mo gbà." Ó padà sí ẹ̀wà rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Òkè-Ìrókò kún fọ́fọ́. Ní ọ́fíìsì omi, àwọn àlejò tò síwájú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin náà sì lọ́ ọrùn lórí àpótí rẹ̀, ó ṣí tẹ́míná tuntun. Ó tẹ àṣẹ. Lẹ́tà ńláńlá jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé: *Ẹ̀rọ kẹta ti gbéra.* Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olóyè ìlú kejì ní, "Ọmọ yìí mà mọ̀wé o!" Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Wọ́n ní kí ó wá síta kí wọ́n bá a ya fọ́tò, ó sì jáde.

Bó ṣe wà níta tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ìjì ti jà lánàá ọjọ́ náà, ó ti kó ewé dà sódò. Ewé náà dí ẹnu páìpù. Ẹ̀rọ kẹta fa omi, kò rí i fà. Ó ké sí kọ̀ǹpútà pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà pe ẹni tó wà lórí àga. Tẹ́míná Ọ̀gá yọ, kékeré, eérú-eérú, sí igun kan. Ẹ̀rọ rojọ́ níbẹ̀. Ó bèèrè pé kí ni kí òun ṣe. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rọ dúró kí iná má baà jó o, tẹ́míná Ọ̀gá sì pa ara rẹ̀ dé bí ìṣe rẹ̀.

Àwọn àlejò gun Òkè-Ìrókò lọ, ọkùnrin náà sì wọlé padà. Ó wo tẹ́míná tuntun rẹ̀. *Ẹ̀rọ kẹta ti gbéra.* Àwọ̀ ewé. Ó gbé fóònù, ó pe Òkè-Ìrókò. Ó ní, "Ẹ ní kí Màámi ṣí i."

Ìyá gbọ́wọ́ lé táàpù, ó yí i. Táàpù súfèé. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́.

Gbogbo ayé ń wo táàpù. Ẹnì kan láti ìlú kejì wúkọ́ díẹ̀, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Olórí ẹgbẹ́ pe fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Omi ò wá o. Ìyá rẹ ṣì dúró síbẹ̀."

Ọkùnrin náà sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó wo fèrèsé rẹ̀ ẹlẹ́wà, kò rí àléébù kan níbẹ̀. Ó ronú nípa ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ọwọ́ lórí irin gbígbẹ, ẹsẹ̀ kan lórí ilẹ̀, èkejì tí kò tẹ̀lẹ̀ dáadáa. Omijé sún mọ́ ọn lójú. Ó lu tábìlì, ó pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "O ò sọ nǹkan kan fún mi!"

Ohùn kan ní ẹnu ọ̀nà ní, "Ó sọ ọ́."

Ọ̀gá ni. Òkè ti ga jù fún un, ó ti rọra padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn kì í dúró láìsọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn. Ta ló ń gbọ́ ọ?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Tẹ́míná yín ni, sà. Mo fi sílẹ̀ bí ẹ ṣe fi sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Èyí tí gbogbo ìlú ń sọ ńkọ́, tó ń kọ lẹ́tà gàdàgbà?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣí i."

Ọ̀gá wọlé. Ó wo inú yàrá. Ó rí àpótí. Ó rí àga rẹ̀, ó rí ọ̀rá, ó rí tìmùtìmù ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá náà, tí kò gbó rárá. Ó bèèrè pé, "Ta ló ń jókòó síbí?"

"Kò sí, sà. Tiyín ni."

"Ọdún mẹ́rin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá ṣí ọ̀rá kúrò fúnra rẹ̀, ó ká a, ó jù ú sí igun. Inú bí i, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tún bàjẹ́. Ó ní, "Ṣé o mọ ìdí tí mo fi yan tẹ́míná kékeré yẹn? Òun nìkan ni kọ̀ǹpútà tí a ní nígbà náà lè gbé. Tí mo bá rí irú tìrẹ nígbà náà, ṣé mo máa fìyà jẹ ojú mi bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́. Mi ò ní kí o máa ṣọ́ ibi tí mo jókòó sí. Dìde ńlẹ̀. Jókòó."

Ọkùnrin náà wo àga. Ó jókòó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ojú kọ̀ǹpútà wà níwájú òun tààrà. Ọdún mẹ́rin ló ti ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó lọ sí ibi tó ti pa dé rí. Ó pa orúkọ tẹ́míná àtijọ́ rẹ́ lórí ìlà náà, ó tẹ orúkọ tuntun sí i. Kò gbà ju kí ènìyàn gbé itọ́ mì lọ. Ó ní kí ẹ̀rọ kẹta gbéra lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Ẹ̀rọ fa omi, kò rí i. Ó ké sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà pe ẹni tó wà lórí àga. Fèrèsé tuntun sì là fúnra rẹ̀, ó bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, pupa: *Ẹnu páìpù ti dí lódò. Omi kò wọlé. Ẹ kó ìdọ̀tí kúrò.* Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Kò rí i kí ẹ̀rọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí.

Ó pe obìnrin ìsàlẹ̀ odò. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí obìnrin náà fi ká aṣọ sókè, ó wọdò. Ó kó ewé, ó kó ewé, ó ń bú ewé náà bó ṣe ń kó o. Ó pariwo sínú fóònù pé, "Ó ti mọ́! Tan án, ọ̀gá kọ̀ǹpútà!" Àwọ̀ ewé jáde. *Omi ti wọlé.* Ó tún jáde. *Omi ti kọjá àárín ìlú.* Ọ̀gá, tí kò lè ka ìwé mọ́ láìsí awò ojú, ti padà dúró sí ẹnu ọ̀nà láìsí awò, ó ń kà á sókè ketekete. "Omi ń gun Òkè-Ìrókò!" Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó fa àpótí mọ́ra, ó jókòó lé e, ó ń wo iṣẹ́ ọmọ tó kọ́.

Ní òkè lọ́hùn-ún, wọ́n ti bẹ ìyá pé kí ó wá jókòó. Ó kọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí táàpù. Ó ní, "Àdìgún ní ó ń bọ̀." Àwọn àlejò ti ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Táàpù wúkọ́. Ó tu omi pupa díẹ̀. Lẹ́yìn náà omi dé, funfun, ó ń ya wùúwùú. Ariwo sọ! Ìyá gbé ẹsẹ̀ tó ń tiro sábẹ́ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ títí ìró rẹ̀ fi tutù. Ó yíjú sí àwọn ará ìlú kejì. Ó ní, "Ẹ bá mi wò ó o. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò títí ẹsẹ̀ mi fi ṣẹ́. Ọmọ tí mo bí ló ní kí odò wá kí mi nílé."

Nígbà tí àwọn àlejò padà sí ọ́fíìsì, wọ́n rí arúgbó kan lórí àpótí. Olóyè ìlú kejì kí i, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni ọ̀gá ibí?"

Bàbá náà ní, "Mo ti ṣe é rí." Ó na ọ̀pá sí iwájú kọ̀ǹpútà. "Ọ̀gá ibí ló jókòó yẹn." Kò sí ohun tí ó dùn mọ́ ọn tó ọ̀rọ̀ yẹn láti sọ, ojú rẹ̀ sọ ọ́.

Ó tán. Ó wá kù tìrẹ, Adéṣínà.

O wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní o ti yí padà. Òótọ́ ni, mo rí i. O ti kọ́ sùúrù. Nígbà tí àlejò bá wà nílé, sùúrù ni o ń ṣí fún wọn. Ní ìpàdé ẹbí, o máa ń rọra sọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń wo ara wa pé ṣé Adéṣínà nìyí. Mo ti fi ọ́ yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni o fi ń ṣí i. Ní ìjẹta, ọmọbìnrin rẹ wọlé, kò sọ tẹ́lẹ̀, ó ní òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ó pè ọ́ lójijì. Ta ló jáde? Ohùn bàbá rẹ ni. Ariwo bàbá rẹ, èébú bàbá rẹ, ìlẹ̀kùn tí ó máa ń gbá. Ọmọ kó aṣọ rẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bi ọ́, o ní, "Bí bàbá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn." Bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún òkú.

Èmi ni mo bá bàbá rẹ dàgbà. Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ariwo yẹn ni gbogbo ohun tí ó rí lò. Ilé tí ó ti jáde kò fún un ní òmíràn. Ọjọ́ kan wà tó jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn, lẹ́yìn tó nà ọ́ tán, tó ní, "Ṣé ọmọ yìí kò ní kórìíra mi?" Ká ní ó rí irú sùúrù tí o ti kọ́, ì bá fi owó ilé rà á. Kò ní kí o máa ṣọ́ ariwo òun. Ṣí ọ̀rá kúrò lórí àga yẹn, kí bàbá rẹ lè sinmi.

Wàyí o, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ rẹ ti pè mí kí o tó dé. Mo kàn ní a ó jọ lọ kí o lè jókòó gbọ́ ìtàn ni; a ò ní lọ, nítorí ọmọ náà ti wà lọ́nà, ibí ló ń bọ̀. Kò mọ̀ pé o wà níbí. Yóò kan ilẹ̀kùn yìí láìpẹ́, mi ò sì ní dìde, nítorí orúnkún ń dùn mí. Ìwọ ni yóò dá a lóhùn. Mo ti gbé àpótí mi síbí, Adéṣínà, mo fẹ́ jókòó kí n máa fi ọ́ yangàn.